Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó Kò Mọ Ẹni Tí Kò Lówó Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ ní Ìbàdàn láti ìgbà tí nǹkan ti wọ́n: pé owó epo gan-an kò tó, ká má tíì sọ ti sáfíìsì. Ẹni tó bá dúró ní Bẹẹrẹ fún wákàtí kan péré yóò gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọn a ní ọkọ̀ ṣì ń rìn, kí ni wọ́n fẹ́ tú wò lára rẹ̀? Wọn a ní ìgbà tó bá dákẹ́ ni mẹkáníìkì yóò mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí ẹni tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìnáwó tó wọ́n jù lọ tí ọkọ̀ lè kó bá ènìyàn ni èyí tó ń wáyé nígbà tí ọkọ̀ bá dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni kò sì ní agbára láti gbé e. Sáfíìsì kì í ṣe fàájì olówó. Tálákà gan-an ló yẹ kó mú un ní dandan.

Àárín ìgboro àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Orí òkè ni Gbọ̀ngàn Mápó wà, èyí tí ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1929. Láti ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà, ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ síhà Ọjà'ba àti síhà Bẹẹrẹ. Ọjà ti gba etí títì, alárù ń kọjá, ọmọ iléèwé ń kọjá, ọlọ́kadà ń wá àyè gbà láàárín wọn. Nissan Micra ló pọ̀ nínú àwọn takisí tó ń gun òkè yìí, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, pẹ̀lú èrò tó kún inú wọn fọ́fọ́.

Irú Micra tí ojú mọ̀ jù, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní K11, jáde ní Japan ní ọdún 1992. Ní ọdún 1993 ó gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọkọ̀ kékeré tí kì í jẹ epo púpọ̀ ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lágbára ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ogún ọdún báyìí. Bí wọ́n ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wá kì í fi ìtọ́jú ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹni tó ni ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1960 ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 3 gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò gbọdọ̀ jáde. Japan ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní shaken, ìnáwó rẹ̀ sì máa ń mú kí àwọn ará ibẹ̀ ta ọkọ̀ wọn nígbà tó ṣì dára.

Ìgbà tí àyẹ̀wò yìí bá ń ná olówó rẹ̀ ju iye ọkọ̀ náà lọ ni wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìròyìn tí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà tà sílẹ̀ òkèèrè láàárín ọdún 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù lọ, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí wọ́n fi òfin tọ́jú títí ó fi darúgbó ni a ń gbà. Ìgbà ogbó rẹ̀ gan-an, tó nílò ìtọ́jú jù, ni ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní kò nílò ìtọ́jú kankan. Ta ni í gba arúgbó sílé, tí yóò ní kò sí ohun tó ń ṣe é nítorí pé ó ṣì ń rìn?

Àwọn tó ń sọ pé kò sówó kò parọ́ ní ti bí ìlú ṣe rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti lé ní ₦600 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí. Nínú oṣù Kẹfà, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà; dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báǹkì ti lé ní ₦1,500 nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2024 fi parí. Òkèèrè ni pááàtì ọkọ̀ ti ń wá. Ẹni tó bá dé ọjà pááàtì Aráròmí ní Agódi Gate mọ ohun tí ìṣirò yìí ṣe sí iye ohun tó fẹ́ rà.

Ibi tí àṣìṣe wà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀. Bí pááàtì bá wọ́n, kí ni ọgbọ́n? Kí èèyàn má jẹ́ kí pááàtì bàjẹ́ ni. Nígbà tí pááàtì pọ́ọ́kú, ẹni tó bá fi ọkọ̀ ṣòfò lè rí owó fi bò ó mọ́lẹ̀. Nísinsìnyí tí ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kan lè gba gbogbo èrè oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, ṣé ìgbà yìí ló yẹ kó wá máa ṣahun ọ́ìlì? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò fún ọ́ìlì tó wọ́pọ̀ ni kìlómítà 5,000 tàbí oṣù 6, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ká ní takisí kan ń rin kìlómítà 80 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Kìlómítà 480 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Yóò pé 5,000 láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 11. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó ń rin kìlómítà 15 péré lójúmọ́, kò ní pé 5,000 lọ́dún kan. Oṣù 6 ni tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, awakọ̀ takisí tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6 nítorí pé ọ̀gá kan ní báǹkì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọ́ìlì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì méjì kọjá. Àìmọye Micra sì wà tí aago tó ń ka kìlómítà ti kú nínú rẹ̀. Ìwé kékeré kan àti bírò kan, tí èèyàn ń kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì sí, ti tó láti rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnì ju kó kàn máa dán lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí irin fi ara kan irin, òun ló ń gbé lára ooru kúrò, òun náà ló ń kó ìdọ̀tí tí fíltà yóò sẹ́. Bó bá ti gbó, kò ní lè ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ọ̀pọ̀ ń tan ara wọn jẹ nípa fífi ọ́ìlì tuntun kún èyí tó ti gbó. Ẹni tó ń da omi mímọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan kò tíì se ọbẹ̀ tuntun. Níkẹyìn, ẹ́ńjìnì yóò nọ́ọ̀kì, gbogbo owó tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ yóò sì tú jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n múra sílẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ omi. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń dà sínú rẹdiétọ̀, tí ìpẹtà ń fi jẹ ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnì. Omi kúlántì wà nítorí pé ó ń dènà ìpẹtà, kì í sì í tètè hó bí omi lásán. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni àṣà yíyọ tẹmọstáàtì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe tẹmọstáàtì fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tẹmọstáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́, kó sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì yóò pẹ́ kó tó móoru, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò rò pé òtútù ń mú un, yóò sì máa fún un ní epo lé epo. Awakọ̀ tó ń sunkún pé epo wọ́n, tó sì ti ní kí wọ́n yọ tẹmọstáàtì rẹ̀ dànù, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da epo sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, àìsàn kan ló ń ṣe é: rẹdiétọ̀ ti dí ni, tàbí fáànù kò yí, tàbí omi ń jò. Àìsàn náà ni kí wọ́n wò.

Ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni ti bíréékì. Ẹ́ńjìnì tó bá nọ́ọ̀kì yóò jẹ owó ẹni tó ni ín. Bíréékì tí kò bá mú lè jẹ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Pádì bíréékì a máa gbó díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa ké híhíhí nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán. Ẹni tó bá gbọ́ igbe yẹn tó sì tan rédíò sókè láti bò ó mọ́lẹ̀ yóò ra pádì, yóò tún ra dísíìkì tí irin pádì ti họ. Omi bíréékì ní tirẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Irú èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C nígbà tó jẹ́ tuntun. Bó bá ti fa omi mu, 140°C péré ni òdiwọ̀n náà fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ tó kún fún èrò, tí awakọ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréékì láti òkè dé ìsàlẹ̀, a máa mú ibẹ̀ gbóná gan-an. Bí omi náà bá hó, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa tẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí á pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2 sí 2, ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀.

Àwọn awakọ̀ kan tún wà tí wọ́n ń fi jíà sí fúrì bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, pé àwọn ń ṣọ́ epo. Nínú ọkọ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà fún epo, tí Micra K11 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òdìkejì ohun tí wọ́n rò ni. Bí jíà bá wà nínú ẹ́ńjìnì, tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí epo, kọ̀ǹpútà a máa gé epo kúrò nígbà tí ọkọ̀ ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà a sì máa bá bíréékì di ọkọ̀ mú. Ní fúrì, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ mu epo kó má bàa kú, bíréékì nìkan ló sì ku tó di ọkọ̀ mú. Wọ́n pàdánù epo, wọ́n tún pàdánù ààbò. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá: ìyá awakọ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ lè wà lára àwọn tó jókòó ti ọjà wọn lẹ́bàá títì yẹn.

Àwọn kan yóò ní mẹkáníìkì ló ń ba ọkọ̀ jẹ́, pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, àìsàn mìíràn ló ń kù. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn yìí. Mẹkáníìkì wà tó jẹ́ pé àfọ̀ọ́fà ló ń ṣe: ẹ lọ ra plọ́ọ̀gì, kò tán, ẹ lọ ra kọ́ìlì, kò tán, ẹ lọ ra pọ́ǹpù epo. Owó pááàtì mẹ́ta ti lọ, wáyà kan tó já ló fà á. Àmọ́ ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Oníbàárà tí kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò ni, tó gbà pé ohun tí wọ́n bá rà nìkan ló lówó lórí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ san owó díẹ̀ kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò dáadáa, kó tó ra ohunkóhun, ni yóò ná owó tó kéré jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ elépo bẹntiróò tí wọ́n tà ní Yúróòpù láti ọdún 2001, ni ihò tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Èyí tó dàgbà ju ìyẹn lọ nílò ẹni tó mọ ìlò mítà àti etí. Kí ọlọ́kọ̀ sì gba pááàtì àtijọ́ padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Kò sí ìwọ̀sí nínú kí èèyàn rí ohun tó san owó rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Ọ̀nà láti dín owó kù wà, ṣùgbọ́n ó nílò kí èèyàn mọ ibi tó yẹ kó ti ṣahun. Ilẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn, bọ́ńpà, kódà jíábọ́ọ̀sì, lè jẹ́ tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Belgium. Pádì bíréékì, okùn bíréékì àti táyà kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà lẹ́yìn DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ lè ti gbẹ láti inú wá. Ẹni tó rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú ti ra ìgbà díẹ̀ tó kù lára nǹkan tí ẹlòmíràn ti lò tán.

Ìbínú tó le jù yẹ kó bọ́ sórí àwọn ọlọ́kọ̀. Èèyàn kan ra Micra, ó gbé e fún awakọ̀, ó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì yọ kọ́bọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ náà. Bó bá bàjẹ́, ó ní awakọ̀ ló bà á jẹ́. Awakọ̀ ní tirẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe tòun, pé ọjọ́ tí òun bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀gá yóò ṣì béèrè owó. Nítorí náà ó ń wà á títí yóò fi dákẹ́. Àwọn méjèèjì ń jẹ ọkọ̀ lára, kò sí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ nínú wọn. Ọlọ́kọ̀ tó ń ka gbogbo owó tó wọlé sí èrè kò mọ òwò. Apá kan nínú owó yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Gbèsè tó jẹ ọkọ̀ ni.

Ìjọba náà kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Ìwé-ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ fún ojú pópó wà lára ìwé tí òfin ń béèrè. Ìwé kò ní bíréékì. Bí ẹnikẹ́ni bá lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, níbikíbi ní ilẹ̀ yìí, láìjẹ́ pé ẹnì kan wo táyà, tẹ bíréékì, tan iná ọkọ̀ náà wò, a jẹ́ pé owó orí lásán ni wọ́n gbà, wọ́n sì fi èrò inú ọkọ̀ tọrẹ. Àwọn tó ń ṣàkóso gáréèjì, tí wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójúmọ́, yẹ kó lè dáhùn ìbéèrè kan: kí ni owó yẹn dá padà fún ọkọ̀ tó mú un wá?

Wọn kò nílò láti lọ kọ́ ọgbọ́n náà lókè òkun. Àwọn obìnrin tó ń tajà ní Ọjà'ba ti mọ̀ ọ́n láti ìran wọn: àjọ ni. Ká ní awakọ̀ kan ń dá ₦500 lójúmọ́ sọ́wọ́ alájọ nítorí ọkọ̀ nìkan, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 10, tí ọ́ìlì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ₦30,000 ti wà nílẹ̀. Láàárín ọdún kan, ₦156,000 ni. Iye náà lè lọ sókè bí ọjà bá ṣe rí, ọlọ́kọ̀ sì gbọ́dọ̀ san ìdajì rẹ̀ ó kéré tán. Bí awakọ̀ 20 ní gáréèjì kan bá ṣe é pọ̀, wọ́n lè ra ọ́ìlì ní páálí lọ́wọ́ ọlọ́jà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n sì ní mẹkáníìkì kan tó mọ̀ pé bí òun bá yan ẹnì kan jẹ, ogún oníbàárà ni òun yóò pàdánù.

Àwọn tó kù ni àwọn tí wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọkọ̀. Àdúrà dára, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbàdúrà fún òjò kò tìtorí rẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀ nílé. Ọwọ́ awakọ̀ ni pádì bíréékì wà, àpò ọlọ́kọ̀ ni owó rẹ̀ wà, ẹnu iṣẹ́ ìjọba sì ni àyẹ̀wò rẹ̀ wà. Kí kálukú ṣe tirẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ ṣì kéré, kí ìyá tó jókòó ti ata àti tòmátò rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè má bàa jẹ́ ẹni tí yóò san án.